Afẹ́fẹ́ tó ń tu irin lára náà ló ń bo àṣírí ooru rẹ̀: Ewu tó wà nídìí ọ̀pá tó ń yí, láti Bouaké títí dé Ìbàdàn

Àwọn àgbà Yorùbá ló máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó ti wù kí ohun kan fara pamọ́ tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí atẹ́gùn yóò tú u síta. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà láyé tí òwe yìí ti yí padà pátápátá, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gan-an ló ń bo àṣírí mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ náà ni abẹ́ ọkọ̀ ojú irin, níbi tí ọ̀pá irin ńlá ti ń yí láàárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, atẹ́gùn á máa fẹ́ síbẹ̀, ara irin á dà bí ẹni pé ó tutù lójú ẹni tó ń wò ó láti ìta, bẹ́ẹ̀ iná ti ń jó lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí èéfín bá fi máa hàn, ọ̀pá ti fẹ́ kán.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan gbogbo ìlú tí ojú irin bá gba àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀kan pàtàkì nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ sì ni Bouaké, ìlú ńlá kejì sí Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Bouaké lé ní 300 kìlómítà sí àríwá Abidjan. Ní 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti etíkun. Ó dé Bouaké ní 1912, ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó sì wọ Ouagadougou, tí í ṣe olú-ìlú Burkina Faso, ní 1954. Gbogbo gígùn rẹ̀ lé ní 1,100 kìlómítà. Burkina Faso kò ní etíkun, nítorí náà ojú irin yìí dà bí ọ̀nà ọ̀fun fún un. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní September 2002, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì fi Bouaké ṣe ibùdó wọn, ọkọ̀ ojú irin dúró, ó sì di 2003 kí ó tó tún rìn. Láàárín àkókò náà, ara ni àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Àwọn ọmọ Yorùbá pàápàá mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, Ànàgó sì ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọmọ Èjìgbò tí kò ní ẹbí kan lọ́hùn-ún kò wọ́pọ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ ojú irin bá gba àárín Bouaké kọjá pẹ̀lú wágọ́nù tó kún fún epo bẹntiróòlù àti dísù tó ń lọ sí àríwá, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àlejò sí wa. Ohun tó gbé gbogbo ẹrù yẹn dúró kò ju ọ̀pá irin tí kò tó ìbú àwo ìjẹun lọ, àti ìdìmú tí ọ̀pá náà ti ń yí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíárìn.

Níbo ni ooru ti ń wá? Bí èèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn kíkankíkan, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gbóná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pá tó ń yí nínú bíárìn. Ìwúwo wágọ́nù àti ẹrù inú rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì ń yí i láìdúró. Gírísì tàbí ọ́ìlì ló wà láàárín irin àti irin kí wọ́n má bàa fi ara kan ara. Níwọ̀n ìgbà tí gírísì bá wà níbẹ̀ tó sì dára, ooru tó ń jáde kò tó nǹkan. Ìgbà tí gírísì bá tán, tó bá dọ̀tí, tàbí tí omi bá wọ inú rẹ̀, ni irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ooru á pọ̀, ooru náà á yọ́ ìwọ̀nba gírísì tó kù dànù, èyí á tún mú ooru pọ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ayé àtijọ́ mọ àìsàn yìí, àpótí gbígbóná ni wọ́n ń pè é, nítorí inú àpótí irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni bíárìn ń gbé.

Gbogbo ooru tó bá jáde gbọ́dọ̀ wá ibi kan gbà lọ. Apá kan á gba inú ọ̀pá lọ sí ara ẹsẹ̀ ọkọ̀, apá kan á gba inú àpótí jáde, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń parí sí. Isaac Newton, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ ní 1701 pé bí nǹkan bá ṣe gbóná ju àyíká rẹ̀ lọ tó ni yóò ṣe máa tètè pàdánù ooru rẹ̀ tó. Ẹni tó bá ti fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná nínú abọ́ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ń rìn ń ṣiṣẹ́ ju afẹ́fẹ́ tó dúró lọ. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara ohun gbígbóná máa ń dà bí ìbora. Òun náà ti gbóná, kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù dé ibi tó yẹ kó dé. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ìbora náà á fẹ́lẹ́, ooru á sì rí ọ̀nà jáde.

Ìbéèrè tó wá kù ni èyí: bí ọ̀pá náà bá ń yí fúnra rẹ̀, ǹjẹ́ yíyí yẹn kò ní fẹ́ atẹ́gùn sí i lára? Ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì gba ìdajì. Ní 1953, J. T. Anderson àti O. A. Saunders gbé ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀pá gbígbóná tó ń yí níbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu. Bí ọ̀pá bá ń yí jẹ́jẹ́, yíyí rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìyàtọ̀ kankan wá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gbéra lọ sókè fúnra rẹ̀, bí èéfín ṣe ń gòkè, èyí náà ló sì ń tu ọ̀pá lára, yálà ó ń yí tàbí ó dúró. Ó di ìgbà tí ojú ọ̀pá bá yára ju afẹ́fẹ́ tó ń gòkè yẹn lọ dáadáa kí yíyí tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, bí ó bá ṣe ń yára sí i ni yóò ṣe máa tutù sí i, ṣùgbọ́n ìtutù náà kò ní lè bá ìyára rìn dọ́gba.

Bouaké fúnra rẹ̀ ní àpẹẹrẹ oríṣi ọ̀pá méjèèjì, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn fún ara rẹ̀ àti èyí tí atẹ́gùn ìta ń fẹ́ sí. Ìlú òwú ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ni Faransé kan tó ń jẹ́ Robert Gonfreville dá ilé-iṣẹ́ ìrànwú àti ìhunṣọ sílẹ̀ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú ilé-iṣẹ́ òwú, ọ̀pá ìrànwú tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń yí ní ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, òmíràn tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, ojú rẹ̀ á máa sáré ní nǹkan bíi mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí atẹ́gùn líle wọ inú ilé òwú, nítorí atẹ́gùn gbígbẹ á máa já òwú. Ọ̀pá ìrànwú kò ní olùrànlọ́wọ́ lóde. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn ara rẹ̀.

Ti ọkọ̀ ojú irin yàtọ̀. Ká ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, tí ọ̀pá tó so òun àti èkejì rẹ̀ pọ̀ sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Bí ọkọ̀ bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ọ̀pá náà á yí ní nǹkan bí ìgbà 354 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ojú rẹ̀ kò ní sáré ju mítà 2.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, nígbà tí atẹ́gùn tí ọkọ̀ ń sá pàdé ń yára ní mítà 16.7. Èyí ni pé atẹ́gùn ìta fi ìlọ́po 6 yára ju ojú ọ̀pá lọ. Bí ọkọ̀ bá sáré tàbí ó rọra rìn, ìlọ́po 6 náà ni yóò máa jẹ́, nítorí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ìlọ́po 6 fẹ̀ ju ọ̀pá lọ. Ní 1958, W. M. Kays àti I. S. Bjorklund ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀pá tó ń yí níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lù ú. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó bá yára jù nínú àwọn méjèèjì ló ń pàṣẹ. Nílé òwú, ọ̀pá ló ń pàṣẹ. Nídìí ọkọ̀ ojú irin, atẹ́gùn ni.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé, ó dára bẹ́ẹ̀, kí ọkọ̀ máa sáré, atẹ́gùn á tù ú lára. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú ìwádìí ti 1953 yẹn, bí ìyára ọ̀pá bá di ìlọ́po 8, agbára ìtutù rẹ̀ kò ju ìlọ́po 4 lọ. Ti atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí irin bá ń fi agbára kan náà ra irin, ooru tó ń jáde á di ìlọ́po 8 gẹ́lẹ́. Owó tó ń wọlé jẹ́ 4, èyí tó ń jáde jẹ́ 8. Bíárìn tó fi dígírì 30 gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ á wá fi 60 gbóná jù ú lọ. Ìyára ń mú atẹ́gùn wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tó ń mú wá ju atẹ́gùn náà lọ.

Ojú ọjọ́ pẹ̀lú ń dá sí i. Afẹ́fẹ́ kò lè mú kí irin tutù ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bíárìn tó ń fi dígírì 40 gbóná ju àyíká lọ á wà ní dígírì 62 ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ wà ní 22. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn tí afẹ́fẹ́ bá di 35, á wà ní 75, láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ọyẹ́ tún ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀. Bí eruku bá pò mọ́ ọ́ìlì tó ṣàn jáde, ó máa ń di èépá lára àpótí bíárìn, bí ẹ̀gbọ̀n òwú náà ṣe ń bo ẹ̀rọ nínú ilé-iṣẹ́ òwú. Èépá yìí di ìbora kejì tí afẹ́fẹ́ kò lè ṣí kúrò.

Síbẹ̀, ewu tó ga jù ni èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀: afẹ́fẹ́ ń tanni jẹ. Ara ìta ni afẹ́fẹ́ ń fọwọ́ kàn, inú sì ni irin ti ń jẹ irin. Níwọ̀n bí ọkọ̀ bá ṣì ń sáré, awọ ìta àpótí á tutù ju inú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá wo ìta nìkan á rò pé àlàáfíà wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní East Palestine, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, fi èyí hàn gbogbo ayé. Ní February 3, 2023, ọkọ̀ ẹrù ilé-iṣẹ́ Norfolk Southern ń lọ. Ẹ̀rọ wà lẹ́bàá ojú irin níbẹ̀ tó ń ka ooru bíárìn láti òkèèrè bí ọkọ̀ bá ṣe ń kọjá. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kà á pé bíárìn kan fi nǹkan bíi dígírì Celsius 21 gbóná ju àyíká lọ. Ìkejì ka 57. Kò sí èyí tó dé ìwọ̀n tí wọ́n ní kí ọkọ̀ fi dúró, nítorí náà ọkọ̀ ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Nǹkan bíi kìlómítà 31 ló wà kó tó kan ẹ̀rọ kẹta. Ìyẹn ka 141. Àwọn awakọ̀ tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ọ̀pá ti kán. Wágọ́nù 38 ló kúrò lójú irin, kẹ́míkà olóró wà nínú 11 nínú wọn, iná sọ, àwọn ará ìlú sì sá fi ilé sílẹ̀. Ìwádìí NTSB, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ìrìnnà, jẹ́ kó yéni pé ohun tí ẹ̀rọ kà níta kò fi bí inú bíárìn náà ti bàjẹ́ tó hàn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní alẹ́ November 10, 1979, ní Mississauga ní Kánádà, ọkọ̀ ẹrù ilé-iṣẹ́ Canadian Pacific tó ní wágọ́nù 106 pàdánù ọ̀pá kan nítorí pé ìdìmú rẹ̀ kò rí ọ́ìlì tó. Gáàsì bú gbàmù, wágọ́nù kan tó kún fún gáàsì olóró chlorine sì wà láàárín iná náà. Èèyàn tó lé ní 200,000 ni wọ́n kó kúrò nílé. Orí ló kó wọn yọ, ẹnikẹ́ni kò kú. Àìrí ọ́ìlì ìdìmú kan ṣoṣo ló tú ìlú ká bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló fi yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ gbogbo ìlú tí wágọ́nù epo ń gba àárín rẹ̀ kọjá lógún.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe dúró dìgbà tí ooru bá dé ìwọ̀n kan kí a tó bẹ̀rù. Kí a máa wò ó bí ó ṣe ń gòkè. Láti 21 sí 57 ti tó láti béèrè ìbéèrè. Ìkejì, kí a fi bíárìn kan wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn bíárìn inú ọkọ̀ kan náà ń jẹ atẹ́gùn kan náà, wọ́n sì ń yí ní ìyára kan náà. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ìyókù lọ, atẹ́gùn kọ́ ló fà á, àìsàn ni. Ìkẹta, bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, kí a má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan kí a sì lọ. Nígbà tí atẹ́gùn bá dáwọ́ dúró, ooru inú á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá sí ìta. Àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ dé lè máa jóni lọ́wọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìgbà yẹn gan-an ni àṣírí ń tú.

Ìkẹrin ni ọ̀rọ̀ gírísì. Kò sí afẹ́fẹ́ tó lè ṣe iṣẹ́ gírísì. Ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ náà kò dára, nítorí bíárìn tí wọ́n kún ní àkúnya á máa po gírísì náà bí ẹni ń ro àmàlà, pípò yẹn á sì tún mú ooru wá. Ìwọ̀n tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ là sílẹ̀ ni kí a tẹ̀lé.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí Bouaké. Láti June 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ìgbàlódé ti ń gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀nà tí rélùwéè àkọ́kọ́ ti gbà dé Ìbàdàn ní 1901. Ní Ogere, níbi tí àwọn tírélà máa ń dúró sí lójú ọ̀nà kan náà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ń sọ ohun kan náà fún awakọ̀ tó bá fẹ́ gbọ́. Nínú ọjà wa gbogbo, ẹ̀rọ ìlọta ń yí láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀pọ̀ oní-ẹ̀rọ sì gbà pé níwọ̀n bí béèlì bá ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò séwu. Ewu wà. Ọ̀pá ẹ̀rọ ìlọta kò sáré tó èyí tó lè fẹ́ atẹ́gùn gidi fún ara rẹ̀, ìyẹ̀fun àti eruku sì ti bò ó lára.

Àìtètè mú olè ló ń jẹ́ kí olè mú olóko. Ooru inú irin náà jẹ́ olè. Atẹ́gùn lè dín ìrìn rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í mú olè. Ẹni tó ń fa gírísì sí i lásìkò, tó ń fi ọ̀kan wé èkejì, tó sì ń tún un wò lẹ́yìn tí atẹ́gùn ti dáwọ́ dúró, ló ń mú un.